Ẹ̀wà àpò méjì àti dúrọ́ọ̀mù kan: ìdáhùn fún Ìyá Ìbejì ní Ṣàgámù

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa. Ṣàgámù ni mò ń gbé, èmi, bàbá àwọn ọmọ àti ọmọ mẹ́rin, ìbejì ni méjì nínú wọn. Oṣù kẹsàn-án tó ń bọ̀ yìí ni àjọ máa kàn mí, mo sì ti pinnu pé oúnjẹ ni mo máa fi owó náà rà sílẹ̀, èyí tó máa gbé wa fún ọdún kan gbáko, nítorí ojú wa rí nǹkan nígbà kónílé-ó-gbélé 2020. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ̀wà àpò méjì, ìrẹsì àpò mẹ́rin, gàrí àti èlùbọ́ díẹ̀. Àmọ́ ẹ̀wà ààbọ̀ àpò tí mo rà lọ́dún tó kọjá, kò pé oṣù mẹ́ta tó fi di ìyẹ̀fun. Mo gbà pé ẹni tó tà á fún mi ló rẹ́ mi jẹ. Ẹnì kan ní kí n wọ́n oògùn sí i, ẹlòmíràn ní kí n tan àbẹ́là sínú dúrọ́ọ̀mù kí n tó dé e. Èwo ni kí n ṣe?”

Ìyá Ìbejì, mo kí ọ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù. Ìpínlẹ̀ Ògùn wà lára ibi mẹ́ta tí Ààrẹ kọ́kọ́ dárúkọ fún kónílé-ó-gbélé ní ìparí oṣù kẹta 2020, pẹ̀lú Èkó àti Àbújá. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni tiwa bẹ̀rẹ̀, oṣù karùn-ún sì ti wọlé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u díẹ̀díẹ̀. Mo wà ní ìsọ̀ mi ní Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ méjì tó ṣáájú rẹ̀. Mo rí bí àwọn tó máa ń ra kóńgò méjì ṣe ń bẹ̀bẹ̀ fún àpò, mo sì rí bí àwọn tí owó iṣẹ́ òòjọ́ wọn ò ju kóńgò kan lọ ṣe dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí wọ́n ń wo wọn. Ní ìparí oṣù kejì 2021, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù láti òkè Ọya dá ọkọ̀ wọn dúró, wọn ò jẹ́ kí ẹrù wá sí gúúsù; fún àwọn ọjọ́ mélòó kan yẹn, àlùbọ́sà àti tòmátò di ohun tí à ń fi ojú wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ẹ̀wẹ̀, oúnjẹ wà lọ́jà, owó wà ní báńkì, àmọ́ owó ọwọ́ kò sí. Ẹni tó ní gàrí nílé lọ́sẹ̀ yẹn mọ ohun tó fi jù mí lọ. Nítorí náà mi ò ní sọ fún ọ pé kí o má tọ́jú oúnjẹ. Iye tí o fẹ́ rà ni mo fẹ́ bá ọ tún wò, àti ohun tí o rò pé ó ba ẹ̀wà rẹ jẹ́.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ohun tí o kọ sílẹ̀. Àwọn tó ń pín oúnjẹ fún àwọn tí ogun tàbí omíyalé lé kúrò nílé máa ń fi kálórì 2,100 lójúmọ́ ṣe òṣùwọ̀n fún ẹnì kan. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di oúnjẹ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 400 ọkà gbígbẹ, gíráàmù 60 ẹ̀wà, gíráàmù 25 epo àti gíráàmù 5 iyọ̀. Ẹ̀yin mẹ́fà, kílò 2.4 lójúmọ́ nìyẹn nínú ìrẹsì, gàrí tàbí èlùbọ́. Oṣù kan, kílò 72. Oṣù mẹ́ta, kílò 216. Ọdún kan, kílò 876, a ò sì tíì fi ẹ̀wà kún un. Wá wo ìwé rẹ: ìrẹsì àpò mẹ́rin jẹ́ kílò 200, èyí tí ẹ máa jẹ tán ní ọjọ́ 83 tí ẹ bá ń jẹ òun nìkan. Ẹ̀wà àpò méjì, tí àpò kan bá jẹ́ kílò 100, á gbé yín ju ọdún kan ààbọ̀ lọ ní ìwọ̀n yẹn. Kódà tí ẹ bá fẹ́ràn mọ́ínmọ́ín àti àkàrà débi pé ẹ ń jẹ ìlọ́po méjì, oṣù mẹ́sàn-án ni. Ìyẹn ni pé ohun tó tètè máa ń bàjẹ́ jù nínú gbogbo wọn ni o fẹ́ rà jù sílẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kí o pa ọdún kan tì. Oṣù mẹ́ta ni kí o ṣe. Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀wọ́n tí mo kà sílẹ̀ lókè yẹn tó ju oṣù mẹ́ta lọ kí ọjà tó tún ṣí tàbí kí owó tó tún jáde. Oúnjẹ lè wọ́n pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn mo mọ̀, àmọ́ ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn ni; oúnjẹ inú dúrọ́ọ̀mù kò lè bá ọ jà á fún ọdún méjì. Ìrẹsì àpò méjì, gàrí nǹkan bí kílò 80, èlùbọ́ bíi kílò 36, ẹ̀wà ààbọ̀ àpò, epo pupa lítà 15, iyọ̀ kílò mẹ́ta. Èyí pé ìwọ̀n tí mo sọ, ó sì tún lé díẹ̀ nítorí àwọn ọmọdé kì í jẹ tó àgbà. Ohun tí o bá ń jẹ lójoojúmọ́ ni kí o tọ́jú, kí o máa jẹ láti ibi tó pẹ́ jù, kí o sì máa fi tuntun dí i lẹ́yìn. Oúnjẹ tí a gbé pamọ́ tí a ò fọwọ́ kàn títí ọjọ́ ìṣòro á fi dé, ọjọ́ yẹn gan-an ni a máa ń mọ̀ pé ó ti bàjẹ́.

Ó wá kan ẹ̀wà. Ẹni tó tà á fún ọ lè má rẹ́ ọ jẹ rárá, ó ṣeé ṣe kí òun náà má mọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé inú ilé tàbí inú àpò ni kòkòrò ti ń bá ẹ̀wà. Láti oko ló ti ń bá a bọ̀. Nígbà tí ẹ̀wà bá ń gbó lórí igi rẹ̀, abo kòkòrò yìí á yé ẹyin sára èèpo rẹ̀, òmíràn á sì tún yé sára ẹ̀wà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á. Ẹyin náà kéré, funfun, ó dà bí ẹni fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ tọ́ ẹfun sí i. Nígbà tí ọmọ bá jáde, á gbẹ́ ara rẹ̀ wọ inú ẹ̀wà, ibẹ̀ ni á máa jẹun nínú òkùnkùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí oṣù kan, kó tó dá ihò róbótó kan lu kí ó sì jáde. Ihò tí à ń rí lára ẹ̀wà, ihò àbájáde ni. Èyí tó ní ìyẹ́ tó ń rìn lórí ẹ̀wà kì í jẹ ẹ́ mọ́. Ó kàn ń gùn, ó ń yé, ó sì ń kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Nítorí náà ẹ̀wà tí kò ní ihò kan ṣoṣo lè ti lóyún kòkòrò. Tí o bá fẹ́ mọ̀, bu ẹ̀kúnwọ́ kan, gbé e sínú oòrùn, kí o wá àmì funfun yẹn. Èmi máa ń gé ẹyọ kan jẹ pẹ̀lú: èyí tó gbẹ á dún pàù lẹ́nu, èyí tó tutù á kàn tẹ̀.

Abo kan lè yé bí 40 sí 100 ẹyin. Jẹ́ ká fi 50 ṣe é, kí ìdajì wọn jẹ́ abo. Oṣù kìíní, abo 25. Oṣù kejì, 625. Oṣù kẹta, 15,625, láti ara ẹyọ kan. Gbogbo wọn kọ́ ni yóò yè, ìyẹn ṣíṣe ìṣirò lórí ìwé ni, àmọ́ wàá rí ìdí tí ẹ̀wà rẹ fi dára ní oṣù kìíní, tó fi ń fa ojú ro ní oṣù kejì, tó sì fi di ìyẹ̀fun kí oṣù kẹta tó pé. Kò sí ẹni tó ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ìwọ lo fún wọn láyè, afẹ́fẹ́ sì wà níbẹ̀ fún wọn.

Afẹ́fẹ́ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Larry Murdock láti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà lọ bá àwọn olùwádìí ní Kamẹrúùnù, torí pé ẹ̀wà àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń bàjẹ́ bíi tìrẹ. Ohun tí wọ́n ṣe kò le: ọ̀rá líle méjì, ọ̀kan nínú èkejì, àpò lásán lóde. Wọ́n da ẹ̀wà sínú ọ̀rá àkọ́kọ́, wọ́n tẹ afẹ́fẹ́ jáde, wọ́n lọ́ ọrùn rẹ̀ wọ́n sì dì í pinpin, wọ́n wá di èkejì, wọ́n di àpò. Òun là ń pè ní àpò PICS lónìí. Kòkòrò tó wà nínú ẹ̀wà á máa mí, á máa lo ọ́síjìn ibẹ̀ títí yóò fi wálẹ̀ láti ìdá 21 nínú 100 sí bíi 5. Níbẹ̀ ni wọn ò ní lè jẹun mọ́. Ohun tó wá ń pa wọ́n, nígbà tí àwọn olùwádìí yẹn tún wò ó lẹ́yìn ọdún púpọ̀, òùngbẹ ni. Kòkòrò yìí kì í mu omi. Ara rẹ̀ ló ń fi oúnjẹ àti ọ́síjìn ṣe omi tó ń lò. Gba ọ́síjìn lọ́wọ́ rẹ̀, omi tán. Ó ń wú mi lórí títí di òní, pé kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ló ń bá ọ pa ara rẹ̀, láìsí oògùn kankan.

Tí o bá rí àpò PICS rà, rà á, kí o sì wò ó dáadáa kó má ní ihò. Ó wọ́n ju àpò lásán lọ, àmọ́ o lè lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ bí ọ̀rá inú rẹ̀ kò bá ya. Àléébù rẹ̀ ni pé eku lè gé e, tí ọ̀rá bá sì ti lu, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Fún ilé bíi tìrẹ, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ni èmi fẹ́ràn jù. Ó ń gba ẹ̀wà nǹkan bí kílò 19 sí 20, eku kò sì tètè lè jẹ ẹ́. Ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò lítà méjì náà dára púpọ̀, bí kóńgò kan ni yóò gbà. Má lo kẹ́ẹ̀gì tó ti gbé kẹrosíìnì, bẹntiróòlù tàbí oògùn oko rí, bó ti wù kí o fọ̀ ọ́ tó. Fọ èyí tó mọ́, sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì títí inú rẹ̀ á fi gbẹ táútáú, da ẹ̀wà kún un dé ẹnu, gbọ̀n ọ́n kí ó wọlẹ̀, tún kún un, fi ọ̀rá bo ẹnu rẹ̀ kí o tó ti ìdérí mọ́ ọn. Bí ó bá kún, afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù kéré, kòkòrò á sì tètè lò ó tán.

Èyí ló fà á tí mi ò fi fẹ́ kí o lo dúrọ́ọ̀mù ńlá yẹn fún ẹ̀wà. Ojoojúmọ́ ni wàá máa ṣí i láti bu kóńgò kan, ojoojúmọ́ ni wàá sì máa fún kòkòrò ní afẹ́fẹ́ tuntun. Kẹ́ẹ̀gì kékeré mẹ́ta tí o dì, tí o ò ṣí títí yóò fi kàn án, sàn ju dúrọ́ọ̀mù kan lọ. Lo dúrọ́ọ̀mù fún ìrẹsì tó ṣì wà nínú àpò rẹ̀, kí eku má bàa rí i.

Àbẹ́là tí wọ́n ní kí o tàn, mo mọ ibi tí èrò náà ti wá, torí òótọ́ ni pé iná ń jẹ afẹ́fẹ́. Àmọ́ iná àbẹ́là á ti kú nígbà tí ọ́síjìn bá ṣì ku bí ìdá 16 nínú 100, kòkòrò sì lè gbé inú ìyẹn dáadáa kí ó máa yé ẹyin. Síbẹ̀, iná yẹn á ti tú oru omi jáde, á rọ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí, á kán sórí oúnjẹ rẹ. Fi àbẹ́là sílẹ̀ fún alẹ́ tí iná bá lọ.

Oògùn ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ lé lórí. Èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní òtapiapia, dichlorvos ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn ìjọba Yúróòpù ti fòfin de ẹ̀wà láti Nàìjíríà láti 2015 nítorí oògùn yìí tí wọ́n bá lára rẹ̀, àjọ NAFDAC náà sì fòfin de títa ìgò kéékèèké rẹ̀ ní 2019. A ṣe é fún oko àti fún ibi tí èèyàn kò gbé. A ò ṣe é fún oúnjẹ tí ọmọ ọdún mẹ́ta máa jẹ. Fífọ̀ ẹ̀wà kì í mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Èkejì ni oògùn oníhóró tí wọ́n ń sọ sínú ilé ìkẹ́rù ńlá. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá kàn án, á tú gáàsì jáde, gáàsì yẹn sì ń pa èèyàn bó ṣe ń pa kòkòrò. Ìdílé tí wọ́n sùn sí yàrá tí wọ́n fi í sí, tí wọn ò sì jí, ti wà ní orílẹ̀-èdè yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó bá fún ọ ní in, dá a padà fún un. Mo mọ̀ pé àwọn oníbàárà kan máa ń wá ẹ̀wà tó ní kòkòrò díẹ̀ láti fi mọ̀ pé kò sí oògùn lára rẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, èmi náà sì fẹ́ kí n rí kòkòrò kan tó ń rìn ju kí n rí ẹ̀wà tó mọ́ tó ń rùn. Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú, torí oògùn tí wọ́n fi sí i ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn lè má pa kòkòrò tó bá a lánàá. Imú rẹ ni kí o kọ́kọ́ lò, kí o sì rà lọ́wọ́ ẹni tí o mọ̀.

Àwọn ìyá wa ní ọ̀nà tiwọn, àwọn kan lára wọn sì ṣiṣẹ́. Àgbàdo tí wọ́n so kọ́ òkè ààrò, èéfín ń lé kòkòrò kúrò lára rẹ̀, ooru sì ń mú un gbẹ. Eérú tí a jọ̀ dáadáa ń gba ẹ̀wà là, bí ó bá pọ̀; kì í ṣe ẹ̀kúnwọ́ méjì, ó gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó ẹ̀wà náà kí kòkòrò má lè ráyè rìn nínú rẹ̀. Ata gbígbẹ tí a ń jù sáàárín ẹ̀wà, èmi náà ṣe é fún ọdún púpọ̀. Ohun tí mo rí ni pé ó ń dín in kù díẹ̀, kì í pa ọmọ tó ti wà nínú ẹ̀wà. Bí o bá fẹ́, fi sí i, àmọ́ má torí rẹ̀ fi ẹnu kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀.

Ọ̀tá kejì ni ọ̀rinrin, ibí sì ni ilẹ̀ wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ti le. Òjò wa ń pẹ́, ara ògiri pàápàá ń tutù ní oṣù kẹsàn-án. Gàrí Ìjẹ̀bú lókìkí torí pé ó kan, ó kúnná, ó sì gbẹ. Gbígbẹ yẹn ló ń jẹ́ kó pẹ́. Fún un mọ́ ọwọ́: bí ó bá tú ká bí iyanrìn nígbà tí o ṣí ọwọ́, ó dára, bí ó bá dì, má tíì dì í sínú nǹkan kan. Ní ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ òwò, mo gba gàrí lọ́wọ́ àwọn tó ń yan án lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Inú mi dùn pé mo tètè rí i gbà, mo dà á sínú àgbá, mo dé e. Ooru inú rẹ̀ di omi lábẹ́ ìdérí. Nígbà tí mo ṣí i ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òkè rẹ̀ ti dì bí àkàrà, ó ti bu, ó léwé. Àwọn kan ní kí n yọ òkè kúrò kí n ta ìsàlẹ̀. Mo da gbogbo rẹ̀ nù, mo sì jẹ gbèsè rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Nítorí náà, bí o bá ra gàrí ní oṣù kẹsàn-án, tún un yan lórí iná díẹ̀, tẹ́ ẹ kí ó tutù pátápátá, kí o tó dì í. Gàrí pupa tó ní epo, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ná, torí epo ara rẹ̀ á máa ta ni lọ́fun bó bá pẹ́.

Fún ọkà àti ẹ̀wà, ọ̀nà kan wà tí kò ná ọ ní nǹkan. Wá ìgò tó gbẹ, bu iyọ̀ gbígbẹ ṣíbí kan sí i, da ẹ̀wà tàbí àgbàdo sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò, dé e, gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú kan, gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ó ṣì tutù jù, tún un sá. Èyí ṣe pàtàkì fún àgbàdo àti ẹ̀pà ju gbogbo wọn lọ, nítorí èyí tó bá bu lára wọn máa ń ní májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Sísè kò lè pa á, sísun kò lè pa á, ẹ̀dọ̀ ló sì ń bá jà. Ẹ̀pà tó bu, má ṣà á, dà á nù.

Ìrẹsì funfun kò ní wàhálà púpọ̀. Bó bá gbẹ tí kòkòrò ò sì sí, ọdún kan kò jọ ọ́ lójú. Ọ̀fadà tí a ò bó tán ní epo lára èèpo rẹ̀, oṣù kan sí méjì ni kí o rà á fún. Èlùbọ́ ló ń dà mí láàmú jù. Bí a bá ti lọ̀ ọ́, ó ń fa ọ̀rinrin bí ẹní fa ọbẹ̀. Bí a ò bá lọ̀ ọ́, kòkòrò ń jẹ iṣu gbígbẹ náà. Bí o bá ní ike tó tó, ra iṣu gbígbẹ rẹ̀, dì í pinpin, kí o sì máa lọ díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá sí, dín èlùbọ́ kù kí o fi gàrí dípò. Epo pupa ń fẹ́ òkùnkùn àti ike tó kún dé ẹnu. Má ki ṣíbí tútù bọ̀ ọ́.

Má gbé ohunkóhun lé orí sìmẹ́ǹtì. Omi ń gba abẹ́ ilẹ̀ wá bó tilẹ̀ dà bíi pé ó gbẹ. To pákó sílẹ̀, kí o sì fi bí ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ láàárín ẹrù àti ògiri, kí o lè gbálẹ̀ ibẹ̀ kí o sì rí ìgbẹ́ eku bó bá wà. Mi ò fi ọ̀rọ̀ eku ṣeré, torí ibà Lásà, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Bọ̀rnó pè láti 1969, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ti ń bá oúnjẹ. Ìrẹsì, a máa sè é. Gàrí tí àwọn ọmọ fi omi tútù mu lẹ́yìn ilé ìwé, iná kò tún kàn án mọ́. Òun ló yẹ kó wà nínú ike tó le jù nínú ilé rẹ.

Lórí owó àti àkókò: oṣù kẹsàn-án dára fún ìrẹsì, kí Kérésìmesì tó gbé e lọ sókè, ó sì dára fún iyọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì. Ra ìdajì gàrí. Fi owó ẹ̀wà pamọ́. Láti oṣù kẹwàá sí ìkejìlá ni wọ́n ń kórè ẹ̀wà tuntun ní òkè Ọya, ìgbà yẹn ló ń wálẹ̀, kòkòrò inú rẹ̀ kò sì tíì pọ̀. Nígbà tó bá fi dé Sábó, ọyẹ́ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fẹ́, kò sì sí ìgbà tó dára ju ọyẹ́ lọ láti sá nǹkan kí a sì dì í. Bí àpò kan bá pọ̀ jù, wá obìnrin kan sí i, ẹ rà á, ẹ pín in; owó àpò yàtọ̀ sí owó kóńgò. Má sì ná gbogbo àjọ yẹn sórí oúnjẹ. Bí ọmọ bá ní ibà lóru, a kì í fi ẹ̀wà ra oògùn. Bí o bá ní láti yá owó kún un, dúró, ra ti oṣù kan.

Ohun kan wà tí kẹ́ẹ̀gì kò lè ṣe fún ọ. Ẹ̀wà tó pẹ́ nínú ooru ilẹ̀ wa máa ń le, kòkòrò ìbáà má kàn án. Yóò jẹ gáàsì rẹ kó tó rọ̀. Rírẹ ẹ sómi mọ́jú ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í dá a padà sí bó ṣe wà. Nítorí náà, ka èédú tàbí gáàsì mọ́ oúnjẹ tí ò ń tọ́jú, ka omi náà mọ́ ọn. Ní 2020, mo mọ ilé kan ní ẹ̀bá wa tí wọ́n ní ìrẹsì tó tó nǹkan, tí gáàsì wọn tán ní ọjọ́ kẹfà.

Bí o bá dì ẹ̀wà rẹ ní oṣù kejìlá, kọ ọjọ́ sára kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Má ṣí èyíkéyìí títí oṣù kan ààbọ̀. Nígbà tí o bá wá ṣí àkọ́kọ́, dà á sínú asẹ́, kí o wo ìsàlẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí o rí òkú kòkòrò mẹ́ta, mẹ́rin, kí o sì rí ihò díẹ̀. Má bẹ̀rù, má sì bínú sí ẹni tó tà á fún ọ. Àwọn tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n, wọn ò rí ọmọ bí. Fẹ́ ẹ, ṣà á, kí o sì gbé e kaná.